Òǹkà Tó Kẹ́yìn

"Gbọ̀ngàn kejì náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tún bọ́ sí!" Ẹ̀gbọ́n ju fóònù sórí tábìlì. "Ọ̀gá onídánwò ní tí a ò bá tún un ṣe kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Tó bá lọ, mo ń ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa nìyẹn. Mo ti bá ẹni tó fẹ́ gbà á sọ̀rọ̀."

Àbúrò ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Bàbá wọn ló fi ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ ọ̀hún, pípín akẹ́kọ̀ọ́ sí gbọ̀ngàn ìdánwò, ò sì le lójú: akẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pín sí méjì dọ́gba, gbọ̀ngàn kejì, èyí tó bá ṣẹ́ ku kan, gbọ̀ngàn kìíní.

"Mo ní kí kọ̀ǹpútà pín nọ́ńbà sí méjì, kó wò ó bóyá ó ṣẹ́ kù. Ó ń pín kékeré dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kékeré kẹ̀? Nọ́ńbà tó gùn ju oríkì ọba lọ!"

Àbúrò tún wo nọ́ńbà náà. Àṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà náà ti gùn ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbé. Ó ń gé ìrù rẹ̀ sọnù, ó ń fi òmíràn tó sún mọ́ ọn rọ́pò, arọ́pò ọ̀hún a sì máa dọ́gba ṣáá.

"Ẹ rántí mọ́tò Bàbá?"

"Mò ń sọ ti iṣẹ́, o ń sọ ti mọ́tò!"

"Eré wa ńkọ́? Ọkọ̀ tó bá kọjá, tí nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba, tiyín. Tó bá ṣẹ́ kù, tèmi."

Ojú ẹ̀gbọ́n rọ̀. Àga ẹ̀yìn tó ya tó sì máa ń gún wọn nítan, òórùn epo, ojú Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín sí wọn nínú dígí.

"Dìndìnrìn! O ṣì máa ń ka òǹkà iwájú lọ́wọ́ tí màá ti pariwo."

"Ẹ ń rẹ́ mi jẹ ni. Èyí tó kẹ́yìn nìkan lẹ máa ń wò."

"Bàbá ló kọ́ mi. Ó ní ìyókù, ariwo ni."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. Ó pa àṣẹ ìpín náà rẹ́. Ó ní kí kọ̀ǹpútà gba nọ́ńbà bí ẹni gba ọ̀rọ̀, kó má ṣírò nǹkan kan, kó sáà wo òǹkà tó kẹ́yìn. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, sósì.

Wọ́n fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, fóònù dún: ọ̀gá onídánwò ni. Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí, ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì tún pe ẹlòmíì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ wá wo ṣọ́ọ̀bù mọ́. Rárá o, kò sí nǹkan kan. A ṣì ń lò ó ni."