Ihò Òkè Ògiri

Mo ń gbẹ́ ihò sí òkè ògiri yàrá kan ní ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Janet ń fi aṣọ tútù gba eruku kí ó má bàa bọ́ sára àwọn ọmọ. Kò sí yàrá mìíràn tí a lè gbé wọn lọ.

Ọmọ méjì ni, oṣù wọn kò pé. Ọ̀kan jẹ́ ti Salome ará Igbodigo. Èkejì jẹ́ ti Sàídátù, ọmọ mi, tí méjì ti kú mọ́ lọ́wọ́.

Ọdún 1971 ni, ọyẹ́ mú ní Okitipupa. Ìkòkò èédú ni wọ́n fi ń mú yàrá náà gbóná. Ẹ̀rọ tí yóò máa fi iná mànàmáná mú un gbóná ti dé, ṣùgbọ́n Vincent tó ń fa wáyà ní ó di Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti fi gíláàsì dí fèrèsé, wọ́n ti kan àjà.

“Baba, ẹ má dí ihò yìí o,” ni Vincent wí. “Èédú ṣì wà níbẹ̀, atẹ́gùn burúkú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi jáde.”

Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Àkànkẹ́ ìyàwó mi wá wo ọmọ. Ó wo ihò, ó wò mí.

“Bàbá Sàídátù, káfíńtà wo ló ń la ọ̀nà fún ọyẹ́ sórí ọmọ-ọmọ rẹ̀?”

“Wọ́n ní kí atẹ́gùn máa wọlé ni.”

“Nígbà tí mo bí Sàídátù, a ti ilẹ̀kùn, a gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ta ló kú?”

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó tutù. Èédú pọ́n, kò rú èéfín rárá. Mo fi ìṣó mẹ́ta kan pátákó mọ́ ihò náà. N kò sọ fún Janet.

Ilé amọ̀ la bí Sàídátù sí. Àlàfo wà láàrin ògiri àti òrùlé, ó gba ọwọ́. N kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án, Janet gbé ọmọ Salome jáde lọ mu ọmú. Nígbà tó padà, ọmọ wa pọ́n bí ẹni tí ara rẹ̀ móoru dáadáa. Kò mí mọ́.

Janet gbójú sókè. “Baba, ta ló kan èyí?”

“Èmi ni.”

Ó gbé ìkòkò èédú náà jáde.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ bí Vincent ṣe wí. Sàídátù kò bímọ mọ́. Àkànkẹ́ kò dárúkọ ihò náà títí ó fi kú.

Èmi ni mo yọ pátákó náà. Ojú ìṣó mẹ́ta ṣì wà lára ògiri.