Píà Tí Wọ́n Ní Kó Já Fúnra Rẹ̀

Igi píà tí Jìbírílù gbìn sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Chicago so fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, gbogbo èso náà sì jẹrà sórí igi kó tó rí ẹyọ kan jẹ.

Kì í ṣe píà tiwa nílé, èyí tí a ń fi jẹ búrẹ́dì. Píà òyìnbó ni, tó tóbi nídìí tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn, olómi, tó ń dùn bí oyin fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọdún tí wọ́n bí Kàfáyàtù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ni Jìbírílù gbin igi náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé kékeré kan ní gúúsù ìlú nígbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ irin, Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó ní nursing home. Bí òtútù bá ti lọ, Jìbírílù á lọ dúró nídìí igi rẹ̀, á máa wò ó láti ilẹ̀ dókè. Òdòdó á yọ, òdòdó á rẹ̀ dànù. Rùkáyátù a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Baba Kàfáyàtù, igi yín yìí, ṣé kì í ṣe akọ báyìí?"

"Fi í sílẹ̀ jàre. Ó ń ronú ni."

Lọ́dún 1986 ló ronú tán. Ó so débi pé àwọn ẹ̀ka ń tẹ̀. Ọdún yẹn náà ni dókítà rí nǹkan kan ní ọ̀fun Jìbírílù. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìwòsàn jó ibẹ̀ títí tí ọrùn rẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, ẹ̀bà ò lọ mọ́, ọbẹ̀ ò lọ, ẹ̀kọ pàápàá ń há a lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbé mì láì di ojú ni píà sísè Mama Loretta.

Mama Loretta ni opó tó ń gbé ilé kejì. Dúdú Amẹ́ríkà ni, Mississippi ni wọ́n bí i sí, fẹ́ǹsì onígi ló sì pààlà sáàárín àwọn méjèèjì. Ó ní igi píà tirẹ̀, èyí tó máa ń tètè so. Á bó èso náà, á gé e, á bu omi díẹ̀ àti ṣúgà sí i, á fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sí i, á sì gbé e ka iná kékeré títí tó fi máa rọ̀. Àwo kan ló kọ́kọ́ gbé wá. Jìbírílù jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu ìdí àwo.

"Ó dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n tèmi ni mo fẹ́ jẹ. Rùkáyá, kó o bá mi sè é bó ṣe sè é yìí. Kí n jẹ nínú èyí tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, ó parí."

Ohun tó béèrè nìyẹn. Kò tún béèrè nǹkan mìíràn lọ́dún náà.

Rùkáyátù lọ sọ́dọ̀ Mama Loretta kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde jàre," ni Mama Loretta wí. "Ìwọ lo kúnlẹ̀, orúnkún tèmi ló ń dùn. Gbọ́, kó o tó sè é, o ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ká a. Píà kì í pọ́n lórí igi. Láti inú ló ti ń rọ̀ wá síta. Tó o bá ní kó rọ̀ sórí igi, ara rẹ̀ á máa dán, inú á ti di ẹrẹ̀. Bó ṣe le bí òkúta yẹn ni kó o ká a. Di ẹyọ kan mú, gbé ìdí rẹ̀ sókè báyìí. Tí ọrùn rẹ̀ bá já, àkókò ti tó. Fi ìwé ìròyìn wé e, kó o kó o sí bésìmẹ́ǹtì tó tutù lábẹ́ ilé títí á fi rọ̀. Ṣé ò ń gbọ́?"

"Yes, ma."

"Má fi 'yes, ma' dá mi lóhùn. Ká a!"

Rùkáyátù gbọ́, ó sì yé e. Ibi tó burú sí nìyẹn. Ó yé e.

Àárọ̀ Sátidé tó gbé bàsíà lọ sídìí igi náà ni Tàjùdéèn dé láti Aurora, ìlú kan tí kò jìnnà sí Chicago. Tàjùdéèn ni ẹ̀gbọ́n Jìbírílù, ọmọ ìyá rẹ̀. Òun ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló mú un wá sí Amẹ́ríkà. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ òwe pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá sì ti pa òwe tán, ó máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo fẹ́ ká píà Baba Kàfáyàtù ni."

Tàjùdéèn fọwọ́ tẹ ẹyọ kan. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó le bí ọmọrí odó yìí? Aláìsàn lo fẹ́ fún? Ṣé kì í ṣe Ìwó ni wọ́n bí ẹ sí ni? Ta ló ń ká àgbálùmọ̀ lórí igi? Èyí tó bá já fúnra rẹ̀ ló ń dùn. Èyí tí a bá fipá ká, kíkan ni, oje rẹ̀ á lẹ ètè èèyàn pọ̀. Ohun tó bá gbó, ilẹ̀ ló ń wá."

"Mama Loretta ní..."

"Mama Loretta! Èso ni èso, Ọlọ́run kan náà ló dá gbogbo wọn."

Jìbírílù ti jáde sí ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Rùkáyátù wo ojú rẹ̀. Gbogbo ohun tí Mama Loretta wí ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀, kò ku ẹyọ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀," ni Jìbírílù wí. "Fi í sílẹ̀ kó já."

Rùkáyátù da ojú bàsíà náà délẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, ọkọ ni. Ta ló ń bá a jiyàn nínú àgbàlá?

Nígbà tí Tàjùdéèn ti padà sí Aurora, Rùkáyátù tún jáde pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́. Ó di ẹyọ kan mú, ó gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ọrùn rẹ̀ já, wẹ́rẹ́ báyìí. Ló bá gbọ́ tí wọ́n ń kan fèrèsé. Jìbírílù dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń mi orí.

"Tí ẹ̀gbọ́n mi bá dé tó rí i pé a ti ká a ńkọ́?" ni Jìbírílù wí nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. "Kó máa rò pé àìsàn ti mú mi débi tí mi ò ka ọ̀rọ̀ òun sí mọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀."

"Rùkáyá."

Rùkáyátù fi í sílẹ̀. Èyí tó já náà, ó gbàgbé rẹ̀ sórí koríko, ọ̀kẹ́rẹ́ gbé e lọ. Mama Loretta ń yọjú lórí fẹ́ǹsì. "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀?" Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Ìparí oṣù kẹsàn-án, ara píà náà pọ́n. Ó pọ́n tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ní ẹ̀yìnkùlé ń dúró wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já. Tàjùdéèn wá, ó ṣà wọ́n sínú àwo ńlá, ó gbé e wọ kíṣíìnì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ẹ wá wo èso tó gbó!" Jìbírílù sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá òkè, ó ti dé fìlà, ó jókòó sídìí tábìlì.

Rùkáyátù fi ọ̀bẹ la èkíní. Láti àárín dé ìtòsí èèpo, ó dúdú, ó rọ̀ bí ẹrẹ̀ ìdí àmù. Ó la èkejì. Ó la òmíràn.

"Bóyá àwọn tó wà lókè..." ni Tàjùdéèn wí. Ó lọ gun àkàbà. Bákan náà ni wọ́n rí.

Rùkáyátù fi ṣíbí ha ìwọ̀nba tó funfun lára èèpo, kò kún kọ́ọ̀bù. Ó fi ata ilẹ̀ sí i, ó fi kànáfùrù sí i, ó sè é. Gbogbo ilé ń rùn bí ilé ọtí. Jìbírílù gbé ṣíbí dé imú, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọtí ni," ó ní. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ kí Mùsùlùmí kú tòun tọtí lẹ́nu?"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Kí yìnyín tó kọ́kọ́ bọ́ lọ́dún náà, ó ti kú.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe fídáù rẹ̀, pálọ̀ kún. Tàjùdéèn dìde, ó sọ̀rọ̀, ó dùn létí. Ó ní kò sí ohun tó wu àbúrò òun tí kò rí, pé gbogbo ohun tó béèrè ni wọ́n ṣe fún un.

"Irọ́ ni," ni Rùkáyátù wí láti ibi tó jókòó sí.

Gbogbo orí yí padà.

"Píà ló béèrè. Mo ní ká ká a. Ẹ̀yin lẹ ní ká má ká a. Ó kú, kò jẹ ẹ́."

Láńre, ọ̀rẹ́ Jìbírílù, ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ìyàwó wa."

"Láti ìgbà tó ṣì wà lórí igi ni mo ti ń ṣe sùúrù."

Kò sí òwe lẹ́nu Tàjùdéèn lọ́jọ́ náà. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà láì so okùn rẹ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Òótọ́ lohun tí Rùkáyátù sọ, àmọ́ kò sọ ti ẹni tó kan fèrèsé. Kí mọ́tò náà tó yà ní igun ni Rùkáyátù ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà Iléyá ọdún tó tẹ̀lé e, Rùkáyátù tẹ Aurora láago. Sìmíátù, ìyàwó Tàjùdéèn, ló gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n sọ pé òun ò sí nílé."

"Ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Ó jókòó tì mí."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé Kàfáyàtù ń kí i. Ẹ sọ fún un pé mo ní kó máa bínú sí èmi nìkan."

Ó gbọ́ tí Sìmíátù ń sọ ọ́. Ó gbọ́ tí wọ́n fa àga. "Ó ti bọ́ síta," ni Sìmíátù wí.

Kí ọdún tó parí, Tàjùdéèn kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ìwó, kò dágbére. Òun nìkan ni ẹbí bàbá Kàfáyàtù tó wà ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ohùn kan náà ni òun àti Jìbírílù ní, débi pé bí wọ́n bá pe ilé, àwọn ìyàwó wọn ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ọmọ náà fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti gbàgbé bí ohùn bàbá rẹ̀ ṣe rí, kò sì sí ẹnì kankan mọ́ tí ọmọ náà lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.