Orúkọ Tí Ọ̀gá Yàrá Kò Ronú Kàn

“Àbúrò, kí ni kí á pe èyí?” Ẹnudùnjuyọ̀ da ẹ̀kúnwọ́ ọkà sórí tábìlì obìnrin atúmọ̀.

Ọkà ilẹ̀ òkèèrè ni ilé-iṣẹ́ wọn ń dì sápò, atúmọ̀ náà ni ó sì máa ń wá orúkọ tí wọn yóò kọ sára àpò. Ó fi eyín gé ẹyọ kan. Kò jẹ́ sọ ọkà lórúkọ láìtọ́ ọ wò, láìwádìí ìdílé rẹ̀. Ọmọ ìyá àlìkámà ni èyí, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ó rántí gbogbo orúkọ tí ọkùnrin yìí ti gbà lẹ́nu òun, tí ó gbé tọ Màdáàmù, ọ̀gá wọn, lọ bí ẹni pé òun ni ó ronú wọn kàn, títí wọ́n fi sọ ọ́ di olórí yàrá ìtumọ̀.

“Jéró olókè ni, ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

“Orí ẹ pé, ọmọ yìí!” Ó ti jáde.

Ẹni tí ó bá jí ọbẹ̀ gbé, kí ó gbé egungun ibẹ̀ mì. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan bá mọ̀ pé kì í ṣe jéró, ojú ta ni yóò tì? Atúmọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó gba yàrá ìránpò kọjá lọ́jọ́ kejì. Ìyá tí ó ń rán ẹnu àpò gbé àpò kékeré kan sókè.

“Àǹtí, ẹ bá mi yọ̀! Ọmọ mi tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà, tí inú rẹ̀ á wú, tí yóò máa rù, ó ti rí jéró tuntun jẹ. Màdáàmù ló fún mi torí tirẹ̀.”

“Ẹ gbé e sílẹ̀!”

“Ahun wo lèyí? Ṣé oko bàbá yín ló ti wá ni?”

Atúmọ̀ já àpò náà gbà, ó di ọ́fíìsì Màdáàmù. Ẹnudùnjuyọ̀ ti jókòó síbẹ̀.

“Bí mo ṣe tọ́ ọ wò báyìí, Mà, ọkàn mi sọ pé jéró ni—”

“Àlìkámà ni,” ni atúmọ̀ wí. “Èmi ni mo purọ́ fún un, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ kí ó tẹ́.”

Màdáàmù wo ọkùnrin náà. “Irọ́ tí òun pa, báwo ló ṣe dé ọkàn tìẹ?”

Ẹnu tí ó dùn ju iyọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

“Ní tìrẹ, kó ẹrù rẹ,” Màdáàmù kọjú sí obìnrin náà. “Ọmọ ọlọ́mọ ni o fẹ́ fi gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, kí ni kí á wá kọ sára àpò?”

Atúmọ̀ gbé àpò náà kalẹ̀ síwájú Ẹnudùnjuyọ̀.

“Ẹ bi olórí yàrá ìtumọ̀, Mà.” Ó fa àga, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. “Mo lè dúró gbọ́.”