Ọjọ́ Tí Lọ́yà Kọ̀ Láti Jókòó

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi máa ń pariwo. Ẹ wá bá mi tọ́jú ọmọ mẹ́rìndínlógún láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti jáde títí àwọn ìyá wọn á fi ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó rí i pé ohùn pẹ̀lẹ́ kì í dé ẹ̀yìn yàrá. Màmá ni gbogbo wọn ń pè mí. Bí mo bá pariwo, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá yíjú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, èmi kì í ka orí ọmọ. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì. Bí mọ́tò bá ti kó wọn dé, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, màá ké pé, "Ẹnìkejì yín dà?" Oníkálukú á di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú, á gbé e sókè. Ariwo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá tuntun dé síbi iṣẹ́ wa, ọmọdébìnrin kan tí ìwé rẹ̀ pọ̀ tí sùúrù rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní ariwo yẹn ti pọ̀ jù, pé kíkà ló yá jù. Ó ra ìwé kan, ó ń fi bírò tọ́ka sí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàròyé títí, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ayé ṣe ń ṣe é." Mo gbà fún un. Kí n má parọ́, orúnkún ń dùn mí nígbà yẹn, inú mi sì dùn pé mi ò ní máa dìde mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, oòrùn mú débi pé a ò lè fọwọ́ kan irin fèrèsé. Ọ̀gá kà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà: mẹ́rìndínlógún, ó pé. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín bísíkíìtì. Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Lọ́yà là ń pè é, torí kò sí ẹjọ́ tí kì í rò.

"Lọ́yà, jókòó."

"Màmá, Ìgbín ò sí ńbí."

Ìgbín ni ẹnìkejì rẹ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin tí kì í yára ṣe ohunkóhun, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ sókè. Mo wo ojú ọ̀gá. Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Mẹ́rìndínlógún ni mo kà. Wọ́n pé."

"Ṣé o gbọ́? Wọ́n ti kà yín. Lọ jókòó!"

"Wọ́n kà wá, ṣùgbọ́n wọn ò rí Ìgbín."

Haà! Inú bí mi. Mo ní ṣé èmi àti ọ̀gá la wá di òpùrọ́ lójú ẹ. Mo jágbe mọ́ ọn débi pé àwọn tó jókòó níwájú di etí. Mo ní bí kò bá jókòó, kò ní fẹnu kan bísíkíìtì lọ́jọ́ náà. Omi lé ròrò sí i lójú, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yẹ̀ lójú kan.

"Ẹ máa mú bísíkíìtì yín lọ," ó ní. "Ó di ọwọ́ mi mú wọ mọ́tò. Kò dì í mú sọ̀kalẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá, wọ́n ní kí n má da ìlà rú."

Mo gbé bísíkíìtì ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo yíjú wo yàrá, mo sì rí ọmọ kékeré kan tó ń jẹ bísíkíìtì láàárín wọn, ọmọ-ọmọ obìnrin tó ń bá wa gbálẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ló mú un wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti tò sí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù, òun sì ni ọ̀gá kà mọ́ wọn. Iye pé, ọmọ ò pé.

Orúnkún wo? Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìnkùlé. Mọ́tò wà nínú oòrùn gangan, gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Awakọ̀ ti sùn lọ lábẹ́ igi. "Kọ́kọ́rọ́ dà? Kọ́kọ́rọ́!" Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ooru tó jáde gbá mi lójú. Mo rá wọ abẹ́ àga ẹ̀yìn. Ìgbín ló ká jọ síbẹ̀, òógùn ti mu aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní dídì. Mo pè é, kò dáhùn. Mo gbé e jáde, orí rẹ̀ ṣubú sí èjìká mi. "Má ṣe èyí sí ìyá rẹ," ni mò ń wí ṣáá. "Jọ̀ọ́, má ṣe èyí sí ìyá rẹ."

Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára, ó mí kanlẹ̀, ó la ojú.

A gbé e sábẹ́ igi. Ọ̀gá bú sẹ́kún. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ gbogbo ènìyàn, títí kan ọmọ tó ń jẹ bísíkíìtì. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ń fi orin yin Ọlọ́run. Èmi ń wo Lọ́yà ní tèmi. Ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀! Ìwé ní kò sí nǹkan, àgbà méjì ní kò sí nǹkan, mo tún fi oúnjẹ halẹ̀ mọ́ ọn, kò gbà. Èmi tí mo kọ́ wọn ní àṣà ẹnìkejì ti jù ú nù nítorí orúnkún, ọmọ yìí ò jù ú nù. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn níwájú ohun tó ju tirẹ̀ lọ. 

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún. "Ọmọ mi, má bínú. Mo jágbe mọ́ ọ. Ìwọ lo mọ̀, èmi ni mi ò mọ̀."

Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ti jókòó ti Ìgbín, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ẹ dìde níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò tíì fún un lómi."

A wo ara wa. Àgbà mẹ́rin, kò sẹ́ni tó rántí. Mo dìde, mo sáré lọ bu omi.