Má Fòyà, Ọkọ̀ Bàbá Wa

"Doyin, jáde lábẹ́ ọkọ̀ yìí kí o wá kí àlejò."

Ẹsẹ̀ méjèèjì Adédoyin nìkan ló hàn síta. Ó mọ ohùn Desmond, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mọ irú àlejò tó mú wá. Ó wọ́ jáde, ó nu ọwọ́ tó dúdú fún ọ́ìlì mọ́ ògbólógbòó ìró rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Àlájì."

"Sannu, Madam. Ẹ kú iṣẹ́." Àlájì Nàfíù, àgbà tó ń ra àjákù irin, ti ń yí ọkọ̀ náà po, ó ń fi ìka kan án bí ẹni tó ń yan bàrà olómi lọ́jà.

Ọkọ̀ akẹ́rù náà dàgbà ju òun gan-an lọ. Bàbá wọn fi kó ẹrù fún àwọn ará Ọjà Sabon Gari títí ọlọ́jọ́ fi dé, òun ló sì fi ọ̀dà pupa kọ MÁ FÒYÀ sí i níwájú. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn adìyẹ sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Mẹkáníìkì tí Adédoyin pè sí i kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní kó máa gbin tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀.

Ìbínú yẹn ló fi ra sípánà. Bó bá ta òróró ẹ̀pà rẹ̀ tán lójúlé, abẹ́ ọkọ̀ ló kù. Ó wo fídíò lórí fóònù, ó rántí bí bàbá ṣe máa ń ṣe é, ó ra ẹ̀yà tòkunbọ̀ ní France Road débi pé "Mama Lorry" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Táǹkì tó ń jò, ọṣẹ ìfọṣọ ló fi dí i. Nígbà tí ọyẹ́ sì dé pẹ̀lú eruku Kano tí kì í mọ ilé onílé, ó fi náílọ́ọ̀nù wé ìdérí táǹkì náà, ó fi rọ́bà dì í pinpin.

Ẹ́ńjìnnì ti ń jí báyìí. Àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń kú padà.

"Bùrọ̀dá, ẹ ṣèlérí pé bí ọkọ̀ yìí bá lọ sí ọjà Yankaba tó padà, ẹ ò ní tà á."

"Kí Àlájì tó dé ni mo wí. Àlájì ti dé. Èmi náà fẹ́ràn bàbá, but this thing don die, Doyin. Jẹ́ ká sin ín."

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan péré sí i."

Ó gòkè sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Má Fòyà bú ramúramù! Àwọn adìyẹ fọ́n ká, àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Adédoyin ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹ́ńjìnnì tó wúkọ́, tó tún wúkọ́, tó sì dákẹ́.

Desmond kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. "Ó ti tó, àbúrò mi," ló wí jẹ́jẹ́. Àlájì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n gbé òòlù wá.

Bí Adédoyin ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni Salmah, aládùúgbò wọn, na ìgò sí i. "Àǹtí Doyin, ẹ jọ̀ọ́, òróró."

Kò sẹ́ni tí í lé oníbàárà. Ó gbé agolo tuntun, ó fi ìṣó lu ihò kan sí i. Òróró ń jáde gulu-gulu, ó ń há. Láìronú, ó lu ihò kejì sí òdìkejì kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé, bó ti ń ṣe láti kékeré. Òróró ṣàn geere.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Yéè! Èmi ni mo ń fún un lọ́rùn!"

Ó fi Salmah sílẹ̀ tìgòtìgò, ó sáré lọ já náílọ́ọ̀nù kúrò lórí táǹkì. Bó ṣe tú ìdérí, táǹkì mí kanlẹ̀: fììì! Ihò kékeré tí ọkọ̀ fi ń mí wà lórí ìdérí náà, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ dí i. "Má bínú," ó wí fún ọkọ̀ náà, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

Ó fọwọ́ pọ́ǹpù epo dísù wọ ẹ́ńjìnnì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí. Gbogbo wọn dúró kó kú. Kò kú. Àwọn ọmọṣẹ́ gbé òòlù dé, kò kú. Adédoyin tẹ ọkọ̀ bọ́ sí títì, Desmond ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń kígbe, "Rọra o! Doyin, rọra!"

Àlájì ti wá bẹ́ǹṣì kan jókòó lé nígbà tí Adédoyin ti Yankaba dé.

"Kai! Wallahi, ó padà!" Ó dìde. "Madam, irin mi pọ̀ nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé ẹ lè bá mi kó o?"

"A ó kó o, Àlájì. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé òòlù yẹn jìnnà sí ọkọ̀ mi."

Àlájì rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Desmond sún mọ́ fèrèsé, ó nawọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́. "Sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ kí n wà á."

Adédoyin wo ọwọ́ náà. Kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, Bùrọ̀dá. Ibẹ̀ lèmi náà máa ń jókòó nígbà tí bàbá ń wà á."

Desmond yí gba iwájú ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé.