Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

“Má pa ẹ́ńjìnnì o, ìyàwó. Bó bá ti kú, irọ́ ni irin yìí máa pa fún wa.”

Petrit fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ, ó fi àkísà nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì tó yẹ kó pọ́n bíi wáìnì ti dúdú bí ọ̀dà, díẹ̀ péré ló sì kan ẹnu irin náà.

“Gbóòórùn ẹ̀.”

Valdete gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí ohun tó jóná.

“Jíà ti kú nìyẹn. Àtúnṣe ẹ̀ ju owó ọkọ̀ lọ.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò lè da ọ́ìlì yẹn nù, ká rọ tuntun sí i? Agron máa ń...”

“Ta ni mẹkáníìkì, Agron àbí èmi?”

Ọdún kò tíì yí po tí Agron ọkọ Valdete já bọ́ láti orí ilé tí wọ́n ń kọ́ nílẹ̀ Gíríìsì, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Petrit yìí ni ẹ̀gbọ́n Agron kan ṣoṣo, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mìíràn lábúlé wa. Ọkọ̀ Agron, tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ni Valdete fi ń gbé Màmá Nurie, ìyá ọkọ rẹ̀, sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọsípítù ní ìlú Korçë, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, torí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Láìpẹ́ yìí, bí ọkọ̀ náà bá kan òkè, á ṣe bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ.

“Màmá wá ńkọ́?”

“Ṣé bọ́ọ̀sì ti tán láyé ni? Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, màá bá ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.”

Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀bá ọ̀nà ni opó àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Nígbà tí yìnyín bo òkè, bọ́ọ̀sì a wá lónìí, kò ní wá lọ́la. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà wú bí ìrọ̀rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan ń gun òkè bọ̀. Kò gbọ̀n, kò kọsẹ̀. Ó kàn ń yọ́ bọ̀ bí ológbò. Ọmọbìnrin Petrit ló ń wà á, Petrit fúnra rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ. Nígbà tí Petrit rí àwọn obìnrin méjèèjì lẹ́bàá ọ̀nà, ó yíjú sí òdìkejì.

“Ọkọ̀ Agron kọ́ nìyẹn,” ni Màmá Nurie wí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

“Màmá, òun ni.”

“Mo ní òun kọ́!”

Lọ́jọ́ kejì, Valdete lọ bá Petrit ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó ti kú.”

“Mo da ọ́ìlì nù, mo pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀, mo rọ tuntun, ó sì jí. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Ìwọ náà ro ó wò. O ṣì kéré, lọ́la wàá fẹ́ ẹlòmíì. Ṣé ẹni yẹn ló máa wá máa fi ọkọ̀ àbúrò mi ṣe fáàrí? Ohun ilé wa, ilé wa ló ń gbé.”

“Màmá yín ni mo fi ń gbé!”

“Kó ránṣẹ́ sí mi nígbà tó bá fẹ́ lọ.”

Màmá Nurie kò ránṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ìtọ́jú pé, ó di etí ibùsùn mú.

“Mi ò lọ mọ́, ọmọ mi. Bí mo bá tún dúró lójú ọ̀nà yẹn, àwọn èèyàn á máa bú Petrit. Òun nìkan ló kù fún mi.”

Valdete bẹ̀ ẹ́ títí, ó sunkún. Ó sáré lọ pe Petrit; Petrit ní òun ń bọ̀ tóun bá ti parí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ìyá náà kú kó tó dé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Petrit dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ àwa tó wá kí i lọ́wọ́, omijé gidi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lójijì ló yíjú sí opó àbúrò rẹ̀.

“Ọ̀dọ̀ ẹ ni ìyá mi ń gbé! Kí ló dé tó ò gbé e lọ sọ́sípítù?”

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí kò mọ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó wà níta.

Valdete gbé kọfí tí kò ní ṣúgà, irú èyí tí a ń mu nílé òkú, ó gbé e kọjá níwájú Petrit láìfún un, ó sì ń gbé e fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a tẹjú mọ́lẹ̀, a ń mu ún.