A Kì Í Ya Orí Lẹ́yìn Olórí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń fún onígbàjámọ̀ ní ẹ̀fọ́rí, kì í ṣe orí oníbàárà. Àbúrò ìyàwó ni. Kámẹ́rà là ń pe tèmi nílé, nítorí kò sí ohun tó ṣe rí tí kò fi fóònù ya ara ẹ̀ nídìí ẹ̀. Ó jẹun, ó yà á. Ó sín, ó yà á. A jọ ń gẹrun nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni. Dígí ńlá wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn kí oníbàárà lè rí ìpàkọ́ ara ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sáàárín dígí méjì, kò síbi tó lè sá sí.

Mo ti kìlọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí.

"Kámẹ́rà, máa wo ẹ̀yìn ẹ kí o tó yà."

"Ẹ̀gbọ́n, ojú mi ni mò ń yà, kì í ṣe ẹ̀yìn."

Mo tún fìlà mi dé dáadáa, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Èmi kì í ṣí fìlà. Bí òtútù mú, bí ooru mú, fìlà mi wà níbẹ̀. Ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò wa ni ọ̀rẹ́ mi tó pẹ́ jù nínú àwọn oníbàárà. Irun orí rẹ̀ pọ̀, ó dúdú, ó ń dán, kò sì sí ẹyọ kan níbẹ̀ tó jẹ́ tiẹ̀. Wíìgì ni. Èmi nìkan ló mọ̀. Á wá kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, á jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, màá bá a fọ̀ ọ́, màá bá a lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ti sọ fún mi pé ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde, òun ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́ láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ooru mú, Ọ̀gá ní kí n ṣí kọ́tìnnì díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Mo wà nídìí ẹ̀rọ omi, mò ń fọ wíìgì, nígbà tí Kámẹ́rà wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó jókòó, ó fẹyín, ó yà. Mi ò kà á sí. Ìgbà tí Ọ̀gá ti lọ tán ló gbé fóònù wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí mo ṣe rẹwà."

Mo wò ó. Ojú ẹ̀ wà láàárín bí òṣùpá. Nínú dígí ẹ̀yìn ẹ̀, òṣùpá kejì wà tó tóbi ju ìyẹn lọ, ojú Ọ̀gá sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kedere.

"Ta lo fi hàn?"

"Gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé wo?"

"Ẹ̀gbọ́n, ayé mélòó ló wà?"

"Pa á rẹ́."

"Wọ́n ti ń fi ọkàn pupa sí i lórí ayélujára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ."

Mo já fóònù gbà. Ìpara irun sì kún ọwọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo tún un tẹ̀, àtàǹpàkò mi yọ̀. Fóònù bi mí ní ìbéèrè kan, mo gbà. Ó tún bi mí ní òmíràn, mo tún gbà. Ẹni tó ń bínú kì í ka ìbéèrè.

Kámẹ́rà ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò pa á rẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ ni."

"Sí ta ni?"

"Gúrúùpù àwọn òbí ilé-ìwé ọmọ mi."

Ilé-ìwé Ọ̀gá nìyẹn. Ọ̀gá gan-an ló sì dá gúrúùpù sílẹ̀.

A yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹyin ni fọ́tò. Bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló fọ́. Àwọn ìyá ọmọ ti tọ́jú tiwọn.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá wọlé ní ọ̀sán gangan, láìbo orí. Wíìgì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ẹ̀ bí òkú ológbò. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde. O mọ ohun tó ń dùn mí?"

"Mo mọ̀, sà. Àṣírí tó tú."

"Àṣírí wo? Gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ti sọ wíìgì yìí lórúkọ. Igbákejì Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Èmi àti ìwọ nìkan la ń bá ara wa ṣeré bojúbojú."

Mo rẹ́rìn-ín ìtura.

"Má tíì rín. Orí mi ni. Èmi ló yẹ kí n ṣí i fún wọn lọ́jọ́ tó bá wù mí. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ta ló wá ní kẹ́ ẹ ya tèmi lẹ́yìn mi?"

"Ẹ má bínú, sà," Kámẹ́rà ní. "Mi ò wẹ̀yìn."

Ọ̀gá jókòó sórí àga mi, kọ́tìnnì wà ní ṣíṣí. Ó ní kí n fá díẹ̀ tí wíìgì ti ń bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí kúrò pátápátá. Ooru ọjọ́ náà kò kéré, òógùn bò mí, mo ṣáà ń fá a lọ títí orí yẹn fi ń kọ mànà. Ni ọwọ́ Kámẹ́rà bá lọ sápò. Fóònù jáde. Mo di abẹ mú gírígírí.

"Ọ̀gá, ṣé kí n yà yín?"

Ó béèrè o. Ọmọkùnrin yìí béèrè.

Ọ̀gá wo ara ẹ̀ nínú dígí fún ìgbà díẹ̀. "Yà mí. Ṣùgbọ́n èmi ni màá kọ́kọ́ rí i." Ó gba fóònù, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi." Ó yíjú sí mi. "Orí dídán náà ń fẹ́ abẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n Kámẹ́rà kò tíì tẹ nǹkan kan. Ó wo fọ́tò, ó wò mí, ó tún wo fọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wẹ̀yìn."

"O káre."

"Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Mo fọwọ́ kan orí. Fìlà mi wà lórí tábìlì, níbi tí mo gbé e sí nígbà tí mò ń nu òógùn. Nínú dígí, lẹ́yìn Ọ̀gá, òṣùpá kẹta ti yọ. Onígbàjámọ̀ apárí, ta ló máa gbé orí tiẹ̀ fún un?

"Ọ̀rẹ́ mi," Ọ̀gá ní jẹ́jẹ́, "ìwọ náà?"

Mo dé fìlà mi kíákíá. "Kámẹ́rà, pa á rẹ́. Ọjọ́ tó bá wù mí ni màá ṣí i."

Ó pa á rẹ́ lójú mi, kò jiyàn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí gbogbo oníbàárà ló mọ̀."

"Pa ẹnu ẹ náà rẹ́ mọ́ ọn."